Ṣé eruku inú ilé tó wà nítòsí ibi tí wọ́n ti ń yọ́ bátìrì lè ṣe ọmọdé ní jàǹbá?

Bẹ́ẹ̀ ni, nítorí òjé (lead, irin tó wà nínú bátìrì ọkọ̀) inú irú eruku bẹ́ẹ̀ máa ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́, kò sì sí ìwọ̀n òjé kankan nínú ẹ̀jẹ̀ tí a mọ̀ pé kò léwu.

Bí ọmọ bá ń rá kiri ilẹ̀, eruku á lẹ̀ mọ́ ọwọ́ rẹ̀, ọwọ́ yẹn náà ló sì máa tì bọ ẹnu. Òjé tí ara ọmọdé ń fà nínú ohun tó gbé mì lè tó ìlọ́po mẹ́rin sí márùn-ún ti àgbàlagbà.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Thiaroye-sur-Mer, nítòsí Dakar ní Sẹ̀nẹ̀gàl, bani nínú jẹ́ gan-an: ọmọ 18 ló kú láàárín oṣù kọkànlá 2007 sí oṣù kẹta 2008. Wọ́n ti ń tú bátìrì ọkọ̀ níbẹ̀ tipẹ́; àwọn ará àdúgbò wá ń kó iyẹ̀pẹ̀ ibẹ̀ wálé, wọ́n ń fi asẹ́ sẹ́ ẹ láti rí òjé tà.

Ẹ má fi ìgbálẹ̀ gbá ilẹ̀ gbígbẹ, ńṣe ló máa ń gbé eruku sókè. Aṣọ tútù ni kí ẹ fi nù ún. Kí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń yọ́ bátìrì bọ́ aṣọ àti bàtà iṣẹ́ kó tó wọlé.

Kì í ṣe gbogbo ilé tó wà nítòsí irú ibẹ̀ ni eruku rẹ̀ máa ní òjé. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ló ń fi hàn bóyá òjé ti wọ ọmọ lára, torí ọ̀pọ̀ ọmọ kì í fi àmì kankan hàn níbẹ̀rẹ̀.