Wọ́n ní kó máa dá sá eré torí ó sọ̀rọ̀ lórí rédíò: ṣé ọmọ mi tún lè padà sórí pápá?

ÌBÉÈRÈ

Lọ́yà, ẹ kú iṣẹ́ o. Iléṣà ni mò ń gbé, aṣọ ni mò ń tà ní ọjà Àtàkúnmọ̀sà. Ọmọ mi ọkùnrin, ẹni ọdún 24, ń gbá bọ́ọ̀lù fún kíláàbù kan tó bá a tọwọ́ bọ̀wé. Oṣù mẹ́ta ni wọn ò san owó. Ó lọ sórí rédíò, ó sọ ọ́, àwọn èèyàn sì ń fi ohùn náà ránṣẹ́ síra wọn lórí WhatsApp. Lọ́jọ́ kejì wọ́n fún un ní kúẹ́rì, wọ́n ní kò gbọdọ̀ bá àwọn yòókù ṣe ìgbaradì mọ́, kó máa dá sá eré yípo pápá. Bàbá rẹ̀ ní kó lọ dọ̀bálẹ̀ fún alága kíláàbù. Àbúrò mi ní ká gbé wọn lọ sí kóòtù. Àwọn ará ọjà sì ń dẹ́rù bà mí pé agbábọ́ọ̀lù tó bá ti lẹ́nu, tiẹ̀ ti parí. Wọ́n ní ká wo ọ̀gbẹ́ni ará Amẹ́ríkà tó ń kúnlẹ̀ yẹn. Kí ni ká ṣe?

Ìyá ọlọ́mọ, Iléṣà

ÌDÁHÙN

Màmá, ẹ kú ọ̀rọ̀ ọmọ. Ó lè padà. Mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ìyẹn. Mo ti gbọ́ ohùn rédíò tí ẹ fi ránṣẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, mo sì ti ka kúẹ́rì náà. N kò rí ohun tó lè pa iṣẹ́ ọmọ yín run níbẹ̀. Ohun tí mo rí ni gbólóhùn kan tí kò yẹ kó jáde lẹ́nu rẹ̀, àti gbèsè oṣù mẹ́ta tí ẹnikẹ́ni ò tíì sẹ́.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ẹ̀rù àwọn ará ọjà kúrò lọ́kàn yín. Colin Kaepernick lorúkọ ará Amẹ́ríkà tí wọ́n ń sọ. Bọ́ọ̀lù àfọwọ́gbá tiwọn lọ́hùn-ún ló ń gbá, òun ló sì gbé ikọ̀ San Francisco dé àṣekágbá Super Bowl ní oṣù kejì 2013. Ní 2016 ó bẹ̀rẹ̀ sí kúnlẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń kọ orin orílẹ̀-èdè, torí ìyà tí ọlọ́pàá fi ń jẹ àwọn adúláwọ̀. Ní oṣù kẹta 2017 ó kúrò nínú àdéhùn rẹ̀, kò sì sí èyí tó gbà á nínú ẹgbẹ́ 32 tó wà ní líìgì náà. Ó fẹ̀sùn kàn wọ́n pé wọ́n pawọ́ pọ̀ ti òun síta. Wọ́n parí ẹ̀ láàárín ara wọn ní oṣù kejì 2019, a ò gbọ́ iye tí wọ́n san. Kò tún gbá ìdíje kankan ní líìgì yẹn títí dòní.

Ohun tó dá a dúró ni mo fẹ́ kí ẹ wò dáadáa. Irú eré yẹn, líìgì kan ṣoṣo ló ń sanwó ńlá fún un ní gbogbo ayé. Tí àwọn tó ni ín bá ti ilẹ̀kùn, kò sí ibòmíì tí èèyàn ń lọ tó jọ ọ́. Bọ́ọ̀lù tí ọmọ yín ń gbá kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Alága kan kò lè ti ilẹ̀kùn Ìbàdàn, ti Abẹ́òkúta, ti Kánò, ti Kùtọnu àti ti Accra pa pọ̀. Torí náà, bí wọ́n bá fi Kaepernick dẹ́rù bà yín, ẹ sọ fún wọn pé ọ̀rọ̀ òun yàtọ̀.

Muhammad Ali ni kí ẹ bá wọn wò. Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹrin 1967 ó kọ̀ láti wọ iṣẹ́ ológun, ó ní òun ò lọ jagun ní Vietnam. Wọ́n gba bẹ́líìtì rẹ̀, wọ́n gba ìwé àṣẹ rẹ̀, ọdún mẹ́ta àbọ̀ kọjá kó tó kan ẹ̀ṣẹ́ gidi. Ibi tó gbà padà ni ó wù mí kí gbogbo òbí eléré ìdárayá mọ̀. Ìpínlẹ̀ Georgia kò ní ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso ẹ̀ṣẹ́ kíkàn, ìlú Atlanta sì fún un láṣẹ. Ó jà níbẹ̀ pẹ̀lú Jerry Quarry ní ọjọ́ 26 oṣù kẹwàá 1970. Nílùú New York, lọ́yà rẹ̀ gbé ìgbìmọ̀ ibẹ̀ lọ sí kóòtù. Wọ́n ṣí ìwé ìgbìmọ̀ náà fúnra rẹ̀, wọ́n rí i pé ó ti fún àwọn tí kóòtù dá lẹ́bi ìpànìyàn, ìfipábánilòpọ̀ àti olè jíjà láṣẹ láti máa ja ẹ̀ṣẹ́. Kí ló wá dé tó fi jẹ́ Ali nìkan ni kò tọ́ sí? Adájọ́ ní kí wọ́n dá ìwé rẹ̀ padà. Èmi tí mò ń ṣe iṣẹ́ yìí, mo fẹ́ràn ẹjọ́ yẹn ju gbogbo ẹ̀ṣẹ́ tó kàn lọ, torí ẹ̀kọ́ tó wà nínú ẹ̀ wúlò fún ọmọ yín báyìí: kó bá wa wádìí bóyá agbábọ́ọ̀lù míì ní kíláàbù náà ti bá oníròyìn sọ̀rọ̀ rí tí wọn ò fún un ní kúẹ́rì. Tó bá wà, kó kọ orúkọ àti ọjọ́ náà sílẹ̀ fún mi.

Ali gba bẹ́líìtì rẹ̀ padà ní Kinshasa ní 1974. Àmọ́ kó tó dé ibẹ̀, Frazier ti nà án ní 1971, ẹni tó bá sì wo ìjà náà á rí i pé ẹsẹ̀ rẹ̀ kò yá mọ́ bíi ti 1967. Àkókò tí wọ́n fi ti èèyàn síta máa ń gba nǹkan lọ lára rẹ̀ tí kóòtù kò lè dá padà. Mo máa padà sórí ìyẹn.

Nílé wa níbí, a ní àpẹẹrẹ tó sún mọ́ ọmọ yín ju ti Amẹ́ríkà lọ. Ní 2019, lẹ́yìn tí Jámánì na àwọn Super Falcons ní 3-0 ní Ife Àgbáyé ní ilẹ̀ Faransé, àwọn ọmọbìnrin náà jókòó sí òtẹ́ẹ̀lì wọn, wọ́n ní àwọn ò kúrò níbẹ̀ títí owó àjẹmọ́nú àwọn á fi wọlé. Desire Oparanozie ni balógun ikọ̀. Wọ́n gba ipò náà lọ́wọ́ rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ sì sọ ọ́ ní gbangba pé torí ìjà owó yẹn ni. Wọn ò mú un lọ sí ìdíje ilẹ̀ Áfíríkà ti 2022. Ọ̀rọ̀ yẹn máa ń dùn mí títí di báyìí, torí owó tí wọ́n jẹ wọ́n ni wọ́n béèrè. Síbẹ̀, ó ń gbá bọ́ọ̀lù rẹ̀ lọ ní kíláàbù lókè òkun nígbà náà. Nígbà tó di 2023, ó wà nínú ikọ̀ Ife Àgbáyé ní Australia. Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹjọ, a gbá ọ̀mì 0-0 pẹ̀lú England ní Brisbane, ọ̀rọ̀ di pẹnáritì, òun ni wọ́n kọ́kọ́ gbé bọ́ọ̀lù lé lọ́wọ́ nínú tiwa. Ó gbá a síta, England sì borí. Àmọ́, Màmá, ẹ wo ẹni tí wọ́n ní kó gbá a.

Ti Sunday Oliseh yàtọ̀ díẹ̀. Òun ló ṣáájú ìjà owó ní ìdíje ilẹ̀ Áfíríkà ní Mali ní 2002. Wọn ò mú un lọ sí Ife Àgbáyé ọdún yẹn, kò sì gbá fún Nàìjíríà mọ́. Ṣùgbọ́n kíláàbù rẹ̀ ní Jámánì ò tìtorí ìyẹn lé e, nígbà tó sì di 2015, Nàìjíríà pè é padà láti wá jẹ́ kọ́ọ̀ṣì. Ní ti Victor Osimhen tó bínú sí Finidi George, tó jẹ́ kọ́ọ̀ṣì Nàìjíríà nígbà náà, lórí Instagram ní 2024, tó sì tún ń gbá góòlù wọlé fún Nàìjíríà ní oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn, ẹ má fi ti ìyẹn kọ́gbọ́n. Góòlù rẹ̀ ló ń bá a bẹ̀bẹ̀. Ọmọ yín kò tíì ní irú góòlù bẹ́ẹ̀ lápò.

Ẹ jẹ́ ká wá bọ́ sórí ohun tó sọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò yẹn, ọ̀rọ̀ tó ní ẹ̀rí ló ń sọ: oṣù tí owó wọlé kẹ́yìn, iye tí wọ́n jẹ ẹ́, pé àwọn mẹ́rin ló ń sùn nínú yàrá kan. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ wá bi í pé, “Àbí wọ́n ń jí owó yín kó ni?” Ó dáhùn pé, “Olè paraku ni wọ́n, kò sí méjì.” Ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ ti yọ̀. Abala 39 nínú òfin Nàìjíríà ti 1999 fún un lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ tẹnu ẹ̀, àmọ́ ẹ̀tọ́ yẹn kò gbà á lọ́wọ́ ẹni tó bá pè é lẹ́jọ́ pé ó ba òun lórúkọ jẹ́. Kò ní ìwé kankan tó fi lè fìdí “olè” múlẹ̀. Ó ní èyí tó fi lè fìdí “wọn ò sanwó” múlẹ̀.

Nítorí náà, lórí àforíjì, ohun tí mo rò rèé. Kó tọrọ ẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ kan yẹn nìkan, kó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Mo ti bá a kọ ọ́: “Mo pe àwọn alákòóso kíláàbù ní olè lórí rédíò. N kò ní ẹ̀rí ọ̀rọ̀ yẹn, mo kó o jẹ, ẹ dákun ẹ má bínú. Owó oṣù mẹ́ta tí mo sọ kò tíì tẹ̀ mí lọ́wọ́.” Kó má yọ gbólóhùn tó kẹ́yìn kúrò. Tí bàbá rẹ̀ àti àwọn àgbà bá fẹ́ lọ bá alága sọ̀rọ̀, kí wọ́n lọ, ohun tó dáa ni, kó sì dọ̀bálẹ̀ níbẹ̀ bí ọmọ Yorùbá tó mọ àgbà. Ẹ kàn ṣọ́ra fún ìwé tí wọ́n bá ní kó bu ọwọ́ lù ní ìparí ìpàdé. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ sábà máa ń ní ìlà kan nísàlẹ̀ pé agbábọ́ọ̀lù kò ní ẹ̀tọ́ owó kankan lọ́dọ̀ kíláàbù mọ́. Tó bá ti bu ọwọ́ lù ú, gbèsè ti wọgbó.

Ìjẹ̀ṣà lẹ̀yin, ẹ mọ bí àwọn Òṣómàáló ṣe ń gba gbèsè aṣọ: wọn kì í ṣépè fún onígbèsè, wọ́n á lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ títí owó á fi jáde. Báyìí ni mo fẹ́ ká ṣe é. Òfin FIFA lórí ipò agbábọ́ọ̀lù, ní abala 14bis, sọ pé tí kíláàbù bá jẹ agbábọ́ọ̀lù ní owó oṣù méjì ó kéré tán, tó sì kọ̀wé sí wọn tó fún wọn ní ọjọ́ 15 láti san án, tí wọn ò san, ó ní ìdí tó tọ́ láti fòpin sí àdéhùn. Abala 14 fúnra rẹ̀ tún sọ pé tí kíláàbù bá ń fìyà jẹ agbábọ́ọ̀lù kó lè sú u, kó lè lọ fúnra rẹ̀, ìyẹn náà jẹ́ ìdí tó tọ́. Kí wọ́n ní kó máa dá sá eré lójoojúmọ́ láìní ìdí tó jẹ mọ́ bọ́ọ̀lù, ó lè wọ ibẹ̀. Ìjà ọmọ Nàìjíríà pẹ̀lú kíláàbù Nàìjíríà kì í lọ bá FIFA tààrà, ọ̀dọ̀ NFF, àjọ tó ń ṣàkóso bọ́ọ̀lù ní Nàìjíríà, la ti máa kọ́kọ́ gbé e kalẹ̀, ìlànà yẹn la ó sì fi kọ lẹ́tà wa. Ìdí nìyí tí n kò fi fẹ́ ká tẹ̀lé àbúrò yín lọ sí kóòtù lónìí. Òótọ́ ni pé National Industrial Court ló ni agbára lórí ẹjọ́ òṣìṣẹ́, ṣùgbọ́n òfin bọ́ọ̀lù kórìíra kí èèyàn fo ìgbìmọ̀ rẹ̀ dá, kíláàbù á sì fẹ́ fi ìyẹn bo gbèsè mọ́lẹ̀.

Títí lẹ́tà á fi jáde, kó má ṣe pa ọjọ́ kan jẹ lẹ́nu iṣẹ́. Èyí ni mo fẹ́ kí ẹ tẹnu mọ́ fún un jù, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọmọ ti pàdánù ẹjọ́ tó yẹ kí wọ́n jàre. Ìbínú á mú un, á dúró sílé, kíláàbù á kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó sá kúrò lẹ́nu iṣẹ́, ẹjọ́ á wá yí padà di tirẹ̀. Kó tètè dé. Kó bu ọwọ́ lu ìwé tí wọ́n fi ń mọ ẹni tó wá síṣẹ́. Kó sá eré tí wọ́n ní kó dá sá, kó kọ ọjọ́ àti aago sínú ìwé kékeré kan, kó sì ya fọ́tò pápá. Tí wọ́n bá lé e lẹ́nu géètì, kó fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí kọ́ọ̀ṣì lójú ẹsẹ̀ pé òun dé, wọn ò jẹ́ kí òun wọlé.

Nírọ̀lẹ́, kó wá àwọn tí yóò máa bá ṣe ìgbaradì tó le, kì í ṣe bọ́ọ̀lù àdúgbò tí wọ́n ti lè dá a lẹ́sẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin péré tí eléré ìdárayá bá fi jókòó, èémí rẹ̀ á ti máa kúrú. Kíláàbù tuntun kò ní bi í léèrè ohun tó sọ lórí rédíò tó bí wọ́n ṣe máa wo bó ṣe ń sáré ní ìṣẹ́jú àádọ́rin. Kó má sì ṣe gbá ìdíje kankan fún ẹgbẹ́ míì nígbà tí orúkọ rẹ̀ ṣì wà lọ́dọ̀ àwọn wọ̀nyí.

N kò ní kó pa ẹnu mọ́ títí ayé, Màmá. Ohun tó sọ nípa owó yẹn, ẹnì kan gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Kó ṣì fi rédíò sílẹ̀ ná. Nígbà tó bá tún máa sọ̀rọ̀, kó jẹ́ òun àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jẹ lówó ni wọ́n jọ sọ ọ́, kó jẹ́ ohun tí ìwé báńkì lè gbè lẹ́yìn.

Nínú fọ́tò àdéhùn tí ẹ fi ránṣẹ́, ojú ìwé kẹta kò hàn, ojú ìwé kejì sì dúró lójú ibi tí wọ́n ti ń bọ̀ sórí ọ̀rọ̀ oníròyìn. Ẹ jẹ́ kó mú ojúlówó ìwé náà wá bá mi ní Lágéré níbí, Ilé-Ifẹ̀, pẹ̀lú àkọsílẹ̀ báńkì ti ọdún kan sẹ́yìn. Ẹ̀dà méjì la máa tẹ lẹ́tà náà: kíláàbù á gba ọ̀kan, wọ́n á bu ọwọ́ àti ọjọ́ lu ìkejì, ọjọ́ tí wọ́n bá kọ síbẹ̀ la ó sì ti bẹ̀rẹ̀ sí ka ọjọ́ 15 yẹn.