Ẹ́ńjìnnì 1HD-T nínú Land Cruiser àtijọ́

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Land Cruiser HZJ80 mi kì í fẹ́ gun Òkè-Ìlewó tó bá ti ru ẹrù. Ṣé mo lè fi ẹ́ńjìnnì 1HD-T rọ́pò 1HZ tó wà nínú rẹ̀? (Awakọ̀, Aṣérò)

Ìdáhùn: Ó ṣeé ṣe, ẹ̀gbọ́n. Dísù lítà 4.2 ni méjèèjì. Tọ́bò, ẹ̀rọ tó ń ti afẹ́fẹ́ wọ inú ẹ́ńjìnnì, ni agbára 1HD-T. Gíà yín á wọ̀ ọ́, àmọ́ kílọ́ọ̀ṣì àtijọ́ lè máa yọ̀.

Kí 1HD-T náà tó wọ inú ọkọ̀, ẹ tú ọpọ́n ọ́ìlì rẹ̀, kí ẹ pààrọ̀ bíárínì kọ́nírọ́ọ̀dù (ọ̀pá tó di písítìnì mú) mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ibẹ̀ ló ti máa ń jẹ. Tó bá jẹ tán, kọ́nírọ́ọ̀dù á gún bulọ́ọ̀kù. Ẹ wo sítátà bóyá ó bá iná ọkọ̀ yín mu: fóòtì 12 ni àbí 24? Rédíétọ̀ tó ti dí, ẹ má tilẹ̀ dá a padà.