Ta ló ń sọ àbọ̀ ọ̀rọ̀ di odindi?

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bínú díẹ̀ ná kí n tó dáhùn. Ọmọbìnrin kan ní Epe ló kọ̀wé sí mi. Wọ́n ní kó wá bá àwọn àgbà àdúgbò rẹ̀ sọ̀rọ̀ nítorí ìdọ̀tí tó ń dí gọ́tà wọn, ló bá lọ síbi tí wọ́n ti ń kọ́ ènìyàn ní ọ̀rọ̀ sísọ láwùjọ. Olùkọ́ tó bá níbẹ̀ ní "Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dé inú rẹ̀, a di odindi" túmọ̀ sí pé kí ènìyàn má sọ̀rọ̀ ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Ó wá ń bi mí bóyá bẹ́ẹ̀ ni, àti bóyá ó tiẹ̀ yẹ kí òun tí òun jẹ́ ọmọdé pa òwe níwájú àgbà.

Ìṣẹ́jú márùn-ún! Ta ló de aago mọ́wọ́ nígbà tí wọ́n ń dá òwe yìí sílẹ̀? Àìpẹ́ yìí lèmi náà gbọ́ èyí tó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ níbi ìgbéyàwó kan. Alága ìjókòó gba máìkì, ó ní ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kí ìyàwó máa fi ìdajì ọ̀rọ̀ pamọ́ fún ọkọ. Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín, wọ́n ná an lówó. Èmi jókòó ti ìrẹsì mi, kò lọ lọ́nà ọ̀fun mọ́.

Ẹ wò ó, ọ̀rọ̀ kan péré ló gbé gbogbo òwe yìí dúró, òun náà ni "inú". Àwọn baba wa ò sọ pé "bó bá dé etí rẹ̀". Etí ni ọ̀rọ̀ ń gbà wọlé, a mọ̀, àmọ́ etí kì í sọ àbọ̀ di odindi. Inú olùgbọ́ ni àbọ̀ kejì wà, òun fúnra rẹ̀ ló sì máa fi kún un. Ohun tí mo ti ń pariwo rẹ̀ tipẹ́ nìyí: òwe yìí kò kan gígùn ọ̀rọ̀, kò kan ọ̀rọ̀ ìpamọ́. Bí a ṣe ń yí ènìyàn lọ́kàn padà ló ń sọ. Èrò tí mo bá gbé fún ọ, o lè dá a padà fún mi kíá. Èyí tí o fi ẹnu ara rẹ parí ńkọ́? Ta lo fẹ́ bá jiyàn?

Ọwọ́ ìyá tó bí ìyá mi ni mo ti rí i. Ẹja ló ń yan létí ọ̀sà ní Epe, ẹja àrọ̀ pàápàá. Ẹni tó bá ti ra ẹja yíyan lọ́jà Olúwo á ti rí i pé ó ká roboto, ìrù rẹ̀ wà lẹ́nu rẹ̀. Wọn ò bí ẹja bẹ́ẹ̀ o. Bó bá ti kú báyìí, wọn á fi iyọ̀ fọ ohun tó ń yọ̀ lára rẹ̀ kúrò, wọn á ká a, wọn á fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ gún ìrù mọ́ ẹnu, kó tó gorí ààrò.

Ọkùnrin kan wà lágbo ilé wa nígbà náà tí ọmọ rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́tàlá, máa ń yọ ẹja nínú ìgèrè onígèrè. Ẹ̀ẹ̀mẹta làwọn àgbà ti pe bàbá yìí jókòó. Ẹ̀ẹ̀mẹtẹ̀ẹ̀ta ló rí nǹkan fi dá wọn lóhùn: ọmọdé ni, ẹgbẹ́ ló ń kó o, ta ló tiẹ̀ fojú rí i, ta ni ò yọ ẹja ẹlẹ́ja rí ní kékeré? Wọ́n ka ẹ̀sùn mẹ́wàá, ó ti tọ́jú àwíjàre mọ́kànlá.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó wá kí ìyá àgbà. Mo wà níbẹ̀, èmi ni mò ń ṣẹ́ igi tí wọ́n fi ń gún ẹja. Ìyá jẹ́ ẹ, wọ́n bèèrè ara, wọ́n bèèrè ilé. Wọn ò dárúkọ ọmọ, wọn ò dárúkọ ìgèrè. Wọ́n nawọ́ sínú agbọ̀n ẹja àná, wọ́n mú ọ̀kan tí a gbàgbé láti ká, tó ti gbẹ bẹ́ẹ̀ ní gbọọrọ, wọ́n gbé e lé e lọ́wọ́.

"Ọkọ mi, ẹ bá mi ká eléyìí."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. "Ìyá, èyí ti gbẹ. Bí mo bá ní kí n ká a, kíkán ló máa kán."

"Hẹn-ẹn," ni ìyá wí. Wọ́n gba ẹja wọn, wọ́n padà sídìí èyí tó tutù.

Ẹ̀rín ṣì wà lẹ́nu ọkùnrin yẹn fún ìgbà díẹ̀. Ó wo ẹja tútù lọ́wọ́ ìyá. Ó wo èmi. Ó ní òun ń lọ sóko, bẹ́ẹ̀ ọ̀nà ilé ló gbà. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, ó ti mú ọmọ rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń kan ọkọ̀ ojú omi pé kó lọ kọ́ṣẹ́.

Gbogbo wa la mọ òwe náà: tútù là á ká ẹja, bó bá gbẹ, kíkán ní í kán. Ìyá ò pa á o! Ọkùnrin yẹn ló pa á, òun náà ló sì pa á fún ara rẹ̀. Ká ní ìyá ló pa á ni, ì bá ti rí òwe mìíràn fi lé e padà. Òwe ò wọ́n wa nílẹ̀ yìí. Ẹ tún kíyè sí i pé kò sẹ́ni tó gbọ́ pé wọ́n bá a wí. Ibẹ̀ ló ti yàtọ̀ sí òkò ọ̀rọ̀, èyí tí a máa ń jù kí gbogbo agbo ilé lè gbọ́. Òkò ọ̀rọ̀ ń wá orí tó máa fọ́. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ a máa ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé sílẹ̀ fún ènìyàn, kó lè gbabẹ̀ jáde tòun tiyì rẹ̀.

Àrokò náà, ibì kan náà ló ti wá. Ká ní ayé àtijọ́ ni, wọ́n so owó ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́ sí ọ. Ìwọ lo máa kà á, ìwọ lo máa gbọ́ "fà" nínú ẹẹ́fà, pé ọkàn ẹni tó fi ránṣẹ́ fà sí ọ. Bó bá jẹ́ mẹ́jọ, ọ̀rọ̀ yín jọ. Ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá, owó lásán ló máa rí, á sì ná an.

Odindi ọ̀rọ̀ ní àyè tirẹ̀ o, n kò sọ pé kò ní. Ọdún 1851 ni wọ́n lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò l'Ékòó tó fi wá tẹ̀dó sí Epe wa yìí. Nígbà tí òun àti Benjamin Campbell, kọ́ńsọ́ọ̀lù Gẹ̀ẹ́sì, wá ṣàdéhùn lọ́dún 1854, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ ní ẹsẹẹsẹ: kò gbọdọ̀ dá Èkó láàmú mọ́, Palma àti Lẹ́kí ni èbúté tirẹ̀. Kò sí àbọ̀ ọ̀rọ̀ nínú ìwé yẹn. Báwo ni ì bá ṣe wà níbẹ̀, nígbà tí ẹnì kìíní ò fọkàn tán ẹnì kejì?

Àwọn ọ̀mọ̀wé á ní Aristotle ará Gíríìkì ti sọ èyí láti ohun tó lé ní 2,300 ọdún sẹ́yìn. Ó sọ ọ́ lóòótọ́. Ó ní ohun tí olùgbọ́ bá ti mọ̀, kí asọ̀rọ̀ fò ó, olùgbọ́ á fi kún un fúnra rẹ̀. Ó fi eléré ìdárayá kan tó ń jẹ́ Dorieus ṣàpèjúwe: bí o bá ti ní ó borí ní Olympia, o ò nílò láti sọ pé adé ni wọ́n fi ń dá ẹni tó bá borí lọ́lá, torí ta ni ò mọ̀? N kò bá a jà. Mo kàn ń sọ pé ìyá wa tó ń yan ẹja ò ka ìwé rẹ̀.

Ohun tó ń dùn mí ni pé àwọn ọmọ wa mọ orúkọ, wọn ò mọ ìlò. Bi ọmọ SS3 léèrè ọnà èdè, á tò wọ́n fún ọ bí ẹní ń ka ìwé orúkọ: àwítúnwí, ìfọ̀rọ̀dárà, àsọrégèé, ìbéèrè pèsìjẹ. Wọ́n fún un ní máàkì. Bó délé tó fẹ́ tọrọ owó lọ́wọ́ bàbá rẹ̀ ńkọ́? "Dádì, ẹ fún mi lówó," ó parí. Bẹ́ẹ̀ kí ni ìbéèrè pèsìjẹ bí kò ṣe àbọ̀ ọ̀rọ̀? O bèèrè, o ò dáhùn, olùgbọ́ dáhùn nínú ara rẹ̀. Ìfọ̀rọ̀dárà ńkọ́? Ìwọ fi ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀, òun gbọ́ méjì. Lójú tèmi, igi kan ṣoṣo ni gbogbo wọn, ẹ̀ka ló pọ̀. Àwọn kan á ní èmi gan-an ti ń sọ àsọrégèé. Kí wọ́n máa wí. Ní ti "Òwe lẹṣin ọ̀rọ̀" tí tọmọdé tàgbà ń gùn kiri, mi ò ní sọ nǹkan kan lé e lónìí. Ó ti rẹ ẹṣin yẹn.

Ọmọ mi, tìrẹ ló kàn. Rántí pé ọmọlúàbí ni òwe yẹn wí. Ìyẹn ni pé o gbọ́dọ̀ mọ ohun tó wà nínú ẹni tí ò ń bá sọ̀rọ̀. Àbọ̀ tí olùgbọ́ ò bá ní èkejì rẹ̀ nínú, àfọ́kù ni. Nítorí náà, bí o bá fẹ́ kọ ìwé sí ìjọba ìbílẹ̀, odindi ni kí o kọ: gọ́tà mélòó, àdúgbò wo, láti ìgbà wo. Akọ̀wé tó máa kà á ò sí lágbo ilé yín, o ò sì ní rí ojú rẹ̀.

Níwájú àwọn àgbà, má sọ pé ẹ̀bi wọn ni, má sì sọ pé kì í ṣe ẹ̀bi wọn. Bi wọ́n pé: "Ẹ̀yin bàbá wa, nígbà tí ẹ wà léwe, ta ló ń gbálẹ̀ ojúde kí oòrùn tó yọ?" Kí o dákẹ́. Àwọn ló gbá a, wọ́n mọ̀. Kí o wá ní: "Mo gba ojúde wa kọjá láàárọ̀ yìí." Kí o tún dákẹ́. Mo mọ̀ pé ẹnu á máa yún ọ láti fi kún un pé àwọn ọ̀dọ́ ìwòyí ò gbálẹ̀ mọ́, pé kí wọ́n dá ọjọ́ kan sọ́tọ̀ fún ìmọ́tótó. Gbé e mì. Ẹni tó bá kọ́kọ́ sọ ọ́ jáde nínú wọn, tirẹ̀ ni ìmọ̀ràn náà dà, òun náà ló máa lọ gba gbogbo ojúlé kiri nítorí ẹ̀.

Ní ti òwe, ọmọdé lè pa á, bó bá ti tọrọ àyè. Sọ pé "Tótó, ó ṣe bí òwe o, ẹ̀yin àgbà." Wọn á ní "Wàá rí òmíràn pa." Má pa òmíràn.