Ìbéèrè Yín: Ṣé Instagram nìkan tó?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Àdìrẹ ni mò ń tà ní Ìtòkú, l'Ábẹ́òkúta, Instagram nìkan ni mo fi ń rí kọ́sítọ́mà. Ṣé ó máa gbé mi dọ́jọ́ iwájú?

Ìdáhùn: Kò tó o, Màámi. Lọ́jọ́ 4 oṣù kẹwàá 2021, Facebook, Instagram àti WhatsApp kú pátá fún bíi wákàtí 6, ìjọba Nàìjíríà sì ti Twitter pa fún oṣù 7, láti oṣù kẹfà ọdún yẹn náà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ra ìwé kan lónìí, ẹni tó bá ti ra ọjà, ẹ gba nọ́ńbà ẹ̀, kẹ́ ẹ kọ àwọ̀ tó fẹ́ràn sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ tún máa ṣe fídíò bẹ́ ẹ ṣe ń ti aṣọ bọ aró, tí aró ń kán lọ́wọ́ yín, torí ìyẹn gan-an ni aṣọ tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ ní Ṣáínà ò lè ní.