Èsì: Ojú yín ò ṣàìsàn, A àti B dọ́gba lóòótọ́

Ẹ ǹlẹ́ o. Ẹ ní nínú àwòrán pátákó dráàfù tí agolo aláwọ̀ ewé kan wà lórí rẹ̀, onígun mẹ́rin tí wọ́n kọ A sí dúdú, èyí tí wọ́n kọ B sí mọ́, ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ fi áàpù yẹ àwọ̀ wọn wò, nọ́ńbà kan náà ló gbé wá. Áàpù yẹn ò parọ́. Edward Adelson, onímọ̀ nípa ìríran ní MIT, yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà, ló ṣe àwòrán pátákó dráàfù yẹn ní 1995, ó sì mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni.

Ìmọ́lẹ̀ tó ń wọ ojú wa kì í sọ bóyá nǹkan fúnra rẹ̀ ló dúdú àbí òjìji ló bò ó. Ọpọlọ ló ń yanjú ìyẹn. Aṣọ funfun tí ẹ sá sábẹ́ igi, ṣé ẹ máa ń pè é ní aṣọ eérú? Bákan náà, ọpọlọ rí i pé òjìji agolo aláwọ̀ ewé yẹn bo B, ó sì yọ òjìji náà kúrò nínú ìṣirò. Ó tún wo àwọn onígun mẹ́rin tó múlé tì wọ́n: àwọn tó fara kan B dúdú jù ú lọ, àwọn tó fara kan A mọ́ jù ú lọ.

Ẹ dán èyí wò:

1. Ẹ lu ihò kéékèèké méjì sára bébà, kí wọ́n bọ́ sórí A àti B.
2. Ẹ fi bo ojú fóònù.

Ìyàtọ̀ á pòórá. Ẹ gbé bébà kúrò, á tún padà, bí ẹ tilẹ̀ ti mọ àṣírí rẹ̀. Ìyẹn ló máa ń pa mí lẹ́rìn-ín jù.

Àmọ́ ẹ̀dà tí ẹlòmíì ò tíì tún kùn ni kí ẹ lò o, kí bébà náà sì bo gbogbo àyíká wọn.