Táyà tó ń jẹ nínú géèmù ọkọ̀: ìdáhùn sí ìbéèrè yín

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú wa. Gran Turismo 7 la máa ń gbá lórí PS4. A fi jíjẹ táyà sí ìlọ́po 10. Ìyípo mẹ́ta àkọ́kọ́, ọkọ̀ mi dùn ún wà. Nígbà tó di ìkarùn-ún, mo yí sítíárìn títí, kò dá mi lóhùn. Ọ̀rẹ́ mi ní nọ́ńbà yẹn ló ń sọ ilẹ̀ di yíyọ̀. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? (Olùkàwé, Kubwa, Abuja)

ÌDÁHÙN: Ọ̀rẹ́ yín ṣì í díẹ̀. Nọ́ńbà yẹn ò fọwọ́ kan bí táyà ṣe ń mú ilẹ̀. Bó ṣe ń yára jẹ ló ń sọ. Táyà tuntun ní ìlọ́po 1 àti táyà tuntun ní ìlọ́po 10, bákan náà ni wọ́n ṣe ń mú ilẹ̀ ní kọ́nà àkọ́kọ́. Ká ní ìyípo kan ń gé ìdá 1 nínú 100 lára táyà ní ìlọ́po 1, ìdá 10 ni yóò máa gé ní ìlọ́po 10. Ìyípo márùn-ún péré, ìdajì ti lọ.

Ẹ ò mọ̀ ọ́n lára tẹ́lẹ̀ nítorí pé mímú ilẹ̀ kì í bá jíjẹ rìn ní ẹsẹ̀ kan náà. Nínú Assetto Corsa, géèmù ọkọ̀ mìíràn tí ilé iṣẹ́ Kunos Simulazioni ti Ítálì ṣe, fáìlì kan wà fún táyà kọ̀ọ̀kan: iye kìlómítà wà lápá kan, agbára tó kù fún mímú ilẹ̀ wà lápá kejì. Ẹni tó bá ṣí i yóò rí i pé ìlà náà lè tẹ́ pẹrẹsẹ fún ìgbà pípẹ́, kó tó wá já wálẹ̀. Ibi tó ti já wálẹ̀ yẹn ni ìyípo ìkarùn-ún ti bá yín.

Ẹ wo àwòrán táyà mẹ́rin tó wà lójú tẹlifíṣọ̀n. Wọn kì í jẹ dọ́gba. Ní Spa, pápá eré ọkọ̀ ní Belgium, tí ọkọ̀ ń yí sápá ọ̀tún jù, táyà òsì ló ń ru ẹrù. Ní Interlagos ti Brazil, tí wọ́n ń yí sósì, ti ọ̀tún ló ń jìyà. Ọkọ̀ tó jẹ́ pé ẹsẹ̀ iwájú ló ń fà á, iwájú rẹ̀ náà ló ń yí kọ́nà, òun ló tún ń ru búréèkì, nítorí náà iwájú ló ń kọ́kọ́ kú.

Bí iwájú bá sì ti kú, ohun tí ẹ ṣe yẹn gan-an ló ń bà á jẹ́ sí i. Ẹ yí sítíárìn, imú ọkọ̀ ò tẹ̀, ẹ tún yí i sí i. Táyà ti kọjá ibi tó lè mú ilẹ̀ dé. Ó ń wọ́ nílẹ̀ ni, ooru ń mú un, ó sì ń jẹ ní ìlọ́po 10 yín yẹn. Ẹ dẹ ọwọ́ díẹ̀, ẹ ó rí i pé imú ọkọ̀ yóò padà mú ilẹ̀. Ní kọ́nà tó kàn, ẹ tètè tẹ búréèkì ní bíi mítà 10 ṣáájú ibi tí ẹ ti ń tẹ̀ ẹ́ tẹ́lẹ̀, ẹ má sì fún un ní tọ́tù (ohun tí ẹ ń tẹ̀ kí ọkọ̀ lè sáré) títí imú ọkọ̀ yóò fi kọjú síbi tí ẹ ń lọ. Ẹ tún lè sún ìpín búréèkì (bí agbára rẹ̀ ṣe pín láàárín iwájú àti ẹ̀yìn) sẹ́yìn ní 1 tàbí 2.

Bí ọ̀rẹ́ yín bá ṣì ń jiyàn, ọkọ̀ kan náà, táyà tuntun irú kan náà: ẹ sá ìyípo kan ní ìlọ́po 1, ẹ sá òmíràn ní ìlọ́po 10, ẹ fi àkókò méjèèjì wéra. Ẹ kọ́kọ́ pa jíjẹ epo o. Bí epo ṣe ń tán ni ọkọ̀ ń fúyẹ́, ìfúyẹ́ yẹn sì máa ń bo àṣírí táyà tó ti jẹ.

ÌBÉÈRÈ: Mo pa jíjẹ táyà pátápátá nínú Assetto Corsa lórí kọ̀ǹpútà mi. Síbẹ̀, ọkọ̀ ń yọ̀ ní ìyípo àkọ́kọ́, ó dára láàárín, lẹ́yìn náà ó tún ń yọ̀. Kí ló dé? (Olùkàwé, Sábọ̀n Gàrí, Kano)

ÌDÁHÙN: Ooru ni. Ẹ pa jíjẹ. Ẹ ò pa ooru, ẹ ò sì pa atẹ́gùn inú táyà. Táyà tútù kì í mú ilẹ̀, èyí tó gbóná kọjá ààlà náà kì í mú un. Ẹ ṣí ohun tó ń fi táyà hàn lójú kọ̀ǹpútà: búlúù túmọ̀ sí pé ó ṣì tutù, àwọ̀ ewé pé ó dára, pupa pé ó ti gbóná jù. Bí ẹ ò bá fẹ́ yíyọ̀ ìyípo àkọ́kọ́, ẹ tan aṣọ ìmúgbóná táyà nínú ètò géèmù.

Ti ìparí, ẹ yẹ atẹ́gùn wò. Ọkọ̀ tí fọ́kánáísà fún ní atẹ́gùn láàárọ̀ ní Kano, ẹ tún un wọ̀n nígbà tó bá dé Zaria lọ́sàn-án, ẹ ó rí i pé ó ti lé. Bẹ́ẹ̀ ni ti géèmù: bí táyà bá fi ìwọ̀n 10 gbóná sí i lórí Celsius, atẹ́gùn a fi bíi psi 1 (òṣùwọ̀n atẹ́gùn táyà) lé. Èyí tí ẹ ń tò kí ẹ tó jáde ni ti tútù. Ti gbígbóná ló ń ṣiṣẹ́. Ẹ sá ìyípo mẹ́rin tàbí márùn-ún, ẹ kà á, ẹ padà sí pítì, ibi tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ṣe tí wọ́n sì ń pààrọ̀ táyà. Nínú Assetto Corsa Competizione, géèmù mìíràn láti ọ̀dọ̀ Kunos kan náà, àwọn ọkọ̀ GT3 (irú ọkọ̀ eré ìdíje kan) ń fẹ́ bíi psi 26 sí 27 nígbà tó bá gbóná lórí ilẹ̀ gbígbẹ. Bí ẹ bá rí 29, ẹ yọ 2 kúrò nínú ti tútù. Táyà tó kún jù, àárín rẹ̀ nìkan ló ń kan ilẹ̀; èyí tó rọ̀ jù, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ a máa tẹ̀, a sì máa gbóná.

Ooru Kano fúnra rẹ̀ ò wọ inú géèmù, kọ̀ǹpútà yín ló ń jẹ ìyà rẹ̀. Bí àwòrán bá ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ lọ́sàn-án, ẹ wá fáànù. Táyà ò mọwọ́mẹsẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Mo ní ṣọ́ọ̀bù géèmù. Mo fẹ́ ṣe ìdíje Gran Turismo 7: oníkálukú yóò sá ìyípo 10, bí ìṣẹ́jú 20. Ìlọ́po mélòó ni kí n fi sí i? (Olùkàwé, Lugbe, Abuja)

ÌDÁHÙN: Ẹ má bèèrè nọ́ńbà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ẹ dán an wò. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní 5, kí ẹnì kan tó mọ̀ ọ́n sá dáadáa fi táyà rírọ̀ sá gbogbo ìyípo 10, kí ẹ máa kọ àkókò ìyípo kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Ẹ wá ìyípo tí àkókò ti fi ìṣẹ́jú-àáyá 2 burú ju èyí tó dára jù lọ. Bó bá jẹ́ ìkẹfà tàbí ìkeje, ẹ ti bá a. Bó bá jẹ́ ìkẹta, ẹ dín in kù. Bí kò bá burú títí dé ìkẹwàá, ẹ fi kún un.

Lẹ́yìn náà ẹ wọn pítì. Ká ní wíwọlé àti jíjáde ń gba ìṣẹ́jú-àáyá 25, tí táyà rírọ̀ sì ń fi 1.5 yára ju líle lọ ní ìyípo kan. Ní ìyípo 10, 15 péré ni. Ta ló máa ná 25 kó lè jèrè 15? Gbogbo wọn ni yóò gbé táyà líle, ìdíje a sì di ìtò lẹ́yìn ara wọn. Kí líle náà máa jẹ dé ibi tí yóò dun ẹni tí kò dúró, tàbí kí ẹ fi ṣòfin pé oníkálukú gbọ́dọ̀ wọ pítì lẹ́ẹ̀kan. Tèmi ni pé òfin yẹn sàn: ìlọ́po ńlá ń fìyà jẹ ọmọdé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ ju ẹni tó mọ̀ ọ́n lọ. Ẹ sì fi ẹ̀rọ ìnvátà sábẹ́ PS yín. Bí iná bá lọ ní ìyípo ìkẹsàn-án, ẹjọ́ ni.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé páàdì máa ń jẹ táyà ju sítíárìn lọ? (Olùkàwé, Jos)

ÌDÁHÙN: Géèmù ò mọ èyí tó wà lọ́wọ́ yín, yíyọ̀ táyà ló ń kà. Àmọ́ ọ̀pọ̀ a máa ti ọ̀pá páàdì dé òpin lẹ́ẹ̀kan náà, iwájú ọkọ̀ a sì máa wọ́. Ẹ dín ìyára ìdáhùn rẹ̀ kù nínú ètò, ẹ sì jẹ́ kí ABS, tí kì í jẹ́ kí búréèkì há táyà pa, wà ní títàn: búréèkì tó bá há táyà pa lè gé ojú kan lára rẹ̀ pẹrẹsẹ, ọkọ̀ a sì máa gbọ̀n.

ÌBÉÈRÈ: Nínú géèmù F1, ṣé táyà pupa kan náà ni pupa ibi gbogbo? (Olùkàwé, Minna)

ÌDÁHÙN: Rárá o. Láti 2019, pupa ni èyí tó rọ̀ jù nínú mẹ́ta tí Pirelli, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe táyà F1, gbé wá sí ìdíje kọ̀ọ̀kan, yẹ́lò ni àárín, funfun ni líle. Àwọ̀ ewé àti búlúù jẹ́ ti òjò. Ní 2023, pupa Monaco jẹ́ C5 (C ni Pirelli fi ń pe irú rọ́bà; bí nọ́ńbà rẹ̀ bá ṣe tóbi tó ló ṣe ń rọ̀ tó), pupa Silverstone jẹ́ C3 tó le jù ú lọ dáadáa. Ẹ má gbé iye ìyípo tí pupa fún yín ní Monaco lọ sí Silverstone.