Ta ni yóò jíhìn fún ìpinnu kọ̀ǹpútà?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ́fíìsì ìjọba tó ń san owó ìrànwọ́ fún aráàlú ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Àwọn ọ̀gá wa fẹ́ ra sọ́fíwíà tí yóò máa yẹ àkọsílẹ̀ àwọn tó ń gba owó wò, tí yóò sì máa fi lẹ́tà gbèsè ránṣẹ́ fúnra rẹ̀ sí ẹni tó bá rí i pé owó tó gbà ti pọ̀ jù. Ẹni tó fẹ́ tà á fún wa ní kì í ṣàṣìṣe, àti pé yóò dín iye òṣìṣẹ́ tá a nílò kù. Wọ́n ní kí n kọ èrò mi sílẹ̀ kí wọ́n tó fọwọ́ sí ìwé àdéhùn. Kí ni kí n wò?

ÌDÁHÙN: Inú mi dùn pé ẹ béèrè kí wọ́n tó fọwọ́ sí ìwé, torí bí wọ́n bá ti fọwọ́ sí i tán, ohun tí ẹ lè ṣe á dín kù. Ẹ má tíì wo sọ́fíwíà náà rárá. Ẹ kọ́kọ́ béèrè ìlànà tí wọ́n fẹ́ kó máa tẹ̀ lé, kí ẹ wá béèrè ẹni tó máa láṣẹ láti yí ìpinnu rẹ̀ padà.

Ọsirélíà ti ṣe ohun tí ọ́fíìsì yín fẹ́ ṣe yìí gan-an. Robodebt ni wọ́n ń pè é. Ọ́fíìsì owó-orí mọ iye tí èèyàn rí lọ́dún, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ni wọ́n fi ń ṣírò owó ìrànwọ́. Kọ̀ǹpútà á pín owó ọdún náà sí ọ̀nà 26 lọ́gbọọgba, á sì fi wé ohun tí onítọ̀hún sọ pé òun ń rí. Ká sọ pé ẹnì kan ṣiṣẹ́ fún oṣù mẹ́fà, ó gba 26,000 dọ́là, iṣẹ́ wá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì gba owó ìrànwọ́ fún oṣù mẹ́fà tó kù. Òótọ́ ló sọ nígbà tó ní owó kankan kò wọlé fún òun. Lójú kọ̀ǹpútà, 1,000 dọ́là ló ń wọlé fún un ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé òpin, nítorí náà ó jẹ ìjọba ní gbèsè. Lẹ́tà á dé pé kó wá ìwé owó-iṣẹ́ àtijọ́ rẹ̀ jáde. Ẹni tí kò bá rí i mú jáde, gbèsè ti wọ̀ ọ́ lọ́rùn nìyẹn.

Ẹ wò ó dáadáa: ìṣirò náà pé. Ẹni tó tà á lè fọwọ́ sọ̀yà pé ẹ̀rọ òun kò ṣàṣìṣe. Ìlànà tó ní kí ìpín dọ́gba dípò ẹ̀rí ló bà á jẹ́, òun náà ló gbé ẹrù ẹ̀rí kúrò lórí ìjọba tó sì dì í ru aráàlú. Ní 2019, ilé ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ ibẹ̀ sọ pé irú gbèsè bẹ́ẹ̀ kò bófin mu. Iye tí wọ́n ti kọ sí èèyàn tó lé ní 400,000 lọ́rùn lé ní bílíọ̀nù 1.7 dọ́là Ọsirélíà. Àwọn ìyá wá jẹ́rìí níwájú ìgbìmọ̀ ìwádìí ìjọba tó jábọ̀ ní 2023, pé ọmọ àwọn pa ara rẹ̀ lẹ́yìn tí ọ̀rọ̀ gbèsè yìí dé bá a. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ọ̀rọ̀ ìwé lásán ni iṣẹ́ yín.

Ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yàtọ̀ díẹ̀. Sọ́fíwíà fúnra rẹ̀ ló ní àléébù níbẹ̀, òfin ló sì bò ó láṣìírí. Òfin 1984 sọ pé ẹni tó bá mú ìwé tí kọ̀ǹpútà tẹ̀ wá sílé ẹjọ́ gbọ́dọ̀ fi hàn pé kọ̀ǹpútà náà ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Òfin 1999 yọ ìyẹn kúrò, ilé ẹjọ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbà pé kọ̀ǹpútà tọ̀nà, àfi bí ẹlòmíì bá fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Àsìkò yẹn náà ni ilé iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ ń gbé Horizon, ètò ìṣirò owó tí Fujitsu ń bójú tó, wọ àwọn ẹ̀ka rẹ̀. Bí Horizon bá ní owó dín, ẹni tó ń bójú tó ẹ̀ka ló máa san án, ó sì lè di ẹjọ́ olè. Báwo ni ẹni tó dúró sídìí káńtà ṣe máa fi hàn pé ohun tí kò lè ṣí inú rẹ̀ wò ló ní àbùkù? Wọ́n dá èèyàn tó lé ní 900 lẹ́bi. Ó di 2019 kí adájọ́ ilé ẹjọ́ gíga tó sọ pé àléébù Horizon lè mú kí owó dín, àti pé òṣìṣẹ́ Fujitsu lè wọ àkáǹtì ẹ̀ka láti ọ̀nà jíjìn. Ó tún di 2024 kí ilé aṣòfin tó ṣòfin tó fagi lé ọ̀pọ̀ ìdálẹ́bi náà.

Nítorí náà, bí wọ́n bá ní sọ́fíwíà yìí kì í ṣàṣìṣe, ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn pé àwọn ló máa san owó ẹni tó bá ṣe àṣìṣe sí. Ẹ béèrè fún àkọsílẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò lè pa rẹ́, tó máa fi hàn ẹni tó fọwọ́ kan àkáǹtì, ọjọ́ tó ṣe é àti ohun tó yí padà. Ẹ béèrè pé kí wọ́n fi í sẹ́nu iṣẹ́ lórí àwọn ọ̀ràn àtijọ́ tí òṣìṣẹ́ yín ti yanjú, láìfi lẹ́tà kankan ránṣẹ́, kí ẹ sì fọwọ́ ara yín yẹ ibi tí ìdáhùn méjèèjì kò ti bára mu.

Èyí tó ká mi lára jù ni òṣìṣẹ́ tí wọ́n ní ó máa dín kù. Òfin ìdáàbòbò dátà Yúróòpù, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2018, fún èèyàn lẹ́tọ̀ọ́ pé kí ẹ̀rọ nìkan má ṣe ìpinnu ńlá lórí ọ̀ràn rẹ̀, àfi láwọn ibi díẹ̀ tí òfin yọ sílẹ̀. Ní 2023, ilé ẹjọ́ àgbà wọn gbọ́ ẹjọ́ kan láti Jámánì, ó sì sọ pé bí ilé iṣẹ́ bá gbára lé máàkì tí kọ̀ǹpútà fún èèyàn gidigidi, irú èyí tó ń sọ bóyá èèyàn á lè san gbèsè, máàkì náà ti di ìpinnu. Ibi yòówù kí ẹ wà, ohun tó yẹ kí ẹ ṣe nìyẹn: kí èèyàn ka ọ̀ràn kọ̀ọ̀kan kí lẹ́tà tó jáde, kó láṣẹ láti dá a dúró, kó sì ní àkókò tó tó láti kà á. Òṣìṣẹ́ tí wọ́n kó ọgọ́rùn-ún ọ̀ràn fún láàárọ̀ ọjọ́ kan kàn máa tẹ bọ́tìnnì ni. Kí lẹ́tà náà sì sọ ìdí gbèsè, bí wọ́n ṣe ṣírò rẹ̀, àti ibi tí èèyàn ti lè ta kò ó, kí wọ́n má sì gba owó náà títí ọ̀rọ̀ á fi yanjú.

Bí wọn ò bá gba èyíkéyìí nínú ìwọ̀nyí, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé èrò yín pé wọn ò gbà, pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀ àti orúkọ ẹni tó ní kí wọ́n ṣì máa bá a lọ.